Igbó tàbí Ọ̀dàn: Okomu, Yankari àti Mole fún Ẹni Tó Fẹ́ Sùn Nítòsí Ẹranko

Ẹni tó bá fẹ́ gbéra ní Adó-Èkìtì lọ lo ọjọ́ mẹ́ta ní ibùdó tí ẹranko ń rìn yí ká, tí omi sì ń yọ ní bálùwẹ̀, ibi mẹ́ta ló yẹ kó fi wéra. Okomu ní ìpínlẹ̀ Ẹdó jẹ́ igbó kìjikìji. Yankari ní ìpínlẹ̀ Bauchi jẹ́ ọ̀dàn. Mole ní àríwá Gánà, ọ̀dàn lòun náà. Kainji ńkọ́? Kìnnìún wà níbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ àwọn agbébọn ti fi agbègbè igbó náà ṣe ibùba, kò tíì yá fún ẹni tó ń kó ọmọ lọ ṣe fàájì. Ọgbà Old Oyo dára fún ẹni tó fẹ́ rí ahoro Ọ̀yọ́-Ilé. Ìtàn ni ká bá débẹ̀. Ní ti igbó ìpamọ́ Ìsẹ̀-Èkìtì tiwa níbí, ìnàkí wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí à ń gba yàrá sí.

Ohun tí ìpolówó máa ń gbé síwájú ni bẹ́ẹ̀dì, odò ìwẹ̀ àti oúnjẹ. Kò burú, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì tó dáa wà ní Adó. Ẹranko la fẹ́ lọ wò, ohun méjì ló sì ń pinnu bóyá a máa rí i: oṣù tí a lọ, àti ohun tí yóò gbé wa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìdí èkejì yìí ni owó ti máa ń ṣòfò.

Igbó kì í fi ẹran rẹ̀ hàn

Okomu ló sún mọ́ wa jù. Ẹ gba Àkúrẹ́ àti Ọ̀wọ̀ lọ sí ìlú Benin, ẹ wá yà sí ọ̀nà Udo, láàárín oko ọ̀pẹ àti oko rọ́bà. Ẹni tó bá tètè jáde láàárọ̀ máa débẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Nígbà òjò, ọ̀nà ilẹ̀ tó kẹ́yìn a máa di ẹrẹ̀ tí mọ́tò kúkúrú ò lè kọjá.

Àmọ́ ẹ mọ ohun tí ẹ ń rà. Nínú igbó tí igi rẹ̀ fún mọ́ra, ojú kì í ríran jìnnà. Erin Okomu jẹ́ erin inú igbó: wọ́n kéré sí ti ọ̀dàn, eyín wọn tọ́ sísàlẹ̀, wọ́n sì ń sá fún èèyàn. Ohun tí àlejò sábà máa ń bá ni ipa ẹsẹ̀ tó ti di ọ̀gọ̀dọ̀ kékeré, ìgbẹ́ tí kóró èso kún inú rẹ̀, àti ara igi tí wọ́n ti fi ẹ̀gbẹ́ họ títí ó fi ń dán. Ẹni tó bá torí erin sanwó níbẹ̀ máa padà wálé pẹ̀lú ìbínú.

Ẹni tó bá torí ọ̀bọ àti ẹyẹ lọ ló máa jèrè. Ọ̀bọ ọlọ́fun funfun wà níbẹ̀, irú èyí tí kò sí níbòmíràn láyé ju gúúsù Nàìjíríà, Olómìnira Benin àti Tógò lọ. Àtíòro ńláńlá máa ń fò kọjá lókè, ìró ìyẹ́ wọn á sì ti dé etí yín kí ẹ tó gbójú sókè. Tó bá di alẹ́, òwáwà á bẹ̀rẹ̀ igbe: díẹ̀díẹ̀ ni á fi bẹ̀rẹ̀, á máa ga sí i, títí á fi dà bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn. Ẹran tí kò ju ehoro ńlá lọ ni. Ẹ ti sọ fún àwọn ọmọ kí wọ́n tó sùn.

Igi àràbà kan wà nínú ọgbà náà tí wọ́n kọ́ ilé sórí rẹ̀, ó ga tó 140 ẹsẹ̀ bàtà. Ẹni tí òòyì máa ń kọ́ kó jókòó sílẹ̀. Ẹni tó bá lè gun àkàbà kó ti wà lókè kí oòrùn tó mú, nítorí òwúrọ̀ ni ọ̀bọ máa ń jẹun lórí igi. Bínókúlà 8x42 dára ju èyí tó ń fa nǹkan sún mọ́ni gan-an lọ: inú igbó ṣókùnkùn, ọwọ́ sì máa ń gbọ̀n.

Oṣù tí ẹ lọ

Ní ọ̀dàn, òjò ni kì í jẹ́ ká rí ẹran. Láti oṣù karùn-ún títí dé oṣù kẹwàá, omi wà níbi gbogbo, kò sì sí ohun tó máa gbé erin wá sétí odò. Koríko á ga ju orí èèyàn lọ. Àgbọ̀nrín lè dúró ní ìgbésẹ̀ mẹ́wàá sí yín kẹ́ ẹ má rí ju etí rẹ̀ lọ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á jó koríko, ewé tútù tó bá hù lẹ́yìn iná ló ń fa àgbọ̀nrín jáde síta gbangba. Tó bá wá di oṣù kejì àti ìkẹta, kòtò omi kéékèèké ti gbẹ tán, erin ò sì ní ibòmíràn ju odò àti adágún tó kù lọ. Ọyẹ́ oṣù kejìlá máa ń sọ àwòrán di funfun bí ẹni fi èéfín bò ó, nítorí náà ìparí oṣù kìíní sí ìparí oṣù kẹta ló dára jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ooru á mú yín. Ibùdó tó bá ń ta yàrá ní ìdajì owó ní oṣù kẹjọ kò purọ́ fún yín o. Ẹran ni kò sí nínú owó yẹn.

Ọkọ̀: ibi tí owó ń gbà jáde

Ní ọ̀pọ̀ ibùdó, owó yàrá ò ju owó yàrá lọ. Ọkọ̀ tó máa gbé yín wọ inú ọgbà, ọ̀tọ̀ ni. Ẹ̀ṣọ́ tó máa bá yín lọ, ọ̀tọ̀. Ẹnubodè, ọ̀tọ̀. Kámẹ́rà pàápàá lè ní owó tirẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí ẹ bá ti dé, tí kò sí ibi tí ẹ tún lè lọ mọ́, ni wọ́n sábà máa ń ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

“Ọkọ̀ wà” kì í ṣe ìdáhùn. Ó lè wà lóòótọ́, kó wà lórí bíríkì, kí táyà rẹ̀ méjì ti wà ní ìlú láti oṣù tó kọjá. Ẹ bi wọ́n báyìí: mélòó ló ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ yìí? Ṣé orí èèyàn lẹ ń gba owó sí ni, àbí orí ọkọ̀? Tó bá jẹ́ orí ọkọ̀, èèyàn mélòó ló gbọ́dọ̀ pé kó tó gbéra? (Ìbéèrè yìí ló ń dun tọkọtaya tó lọ láàárín ọ̀sẹ̀: àwọn méjì péré á san owó àga mẹ́wàá, tàbí kí wọ́n jókòó dé ọjọ́ Sátidé.) Wákàtí mélòó la máa lò nínú ọgbà? Epo ńkọ́, ó wà nínú owó náà? Tí ọkọ̀ bá kọṣẹ́ lójú ọ̀nà, ṣé ẹ ó dá owó padà ni, àbí ẹ ó tún gbé wa lọ ní ìrọ̀lẹ́? Kí wọ́n kọ ìdáhùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, torí ẹni tó gbé fóònù lónìí lè má sí ní kántà lọ́jọ́ tí ẹ bá dé.

Tí ọkọ̀ wọn bá ti bàjẹ́, ohun tí wọ́n máa sọ ni pé kẹ́ ẹ gbé mọ́tò yín wọlé. Ẹ má tètè gbà. Nínú Corolla, ojú yín rẹlẹ̀ ju orí koríko lọ, ẹ̀ ń sanwó láti wo koríko ni. Òkìtì tó wà láàárín ipa táyà máa ń gbá àwo ọ́ìlì abẹ́ ẹ́ńjìnnì. Tó bá lu, ibẹ̀ ni mọ́tò máa sùn. Irúgbìn koríko tó fúyẹ́ bí ìyẹ́ á wọ ojú rédíétọ̀, á dí i, gẹ́ẹ̀jì ooru á gòkè láìjẹ́ pé omi tán. Tí ẹ bá gbọ́dọ̀ wọlé, ẹ gé àwọ̀n ẹ̀fọn àtijọ́, ẹ so ó mọ́ iwájú rédíétọ̀, ẹ máa tú u gbọ̀n ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Kẹ́ ẹ sì má ṣe páàkì sórí koríko gbígbẹ láé: ọ̀pá èéfín tó gbóná ti tó láti dáná sun ọ̀dàn, kó sun mọ́tò mọ́ ọn.

Yankari ni ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ti wúwo jù. Láti ẹnubodè dé ibùdó Wikki lé ní 40 kìlómítà nínú ọgbà, láti ìlú Bauchi sí Wikki sì tó 100. Ẹ kún táǹkì yín ní Bauchi. Ẹran ọ̀hún wà: kò sí ibòmíràn ní Nàìjíríà tí agbo erin tó kù ti pọ̀ tó tibẹ̀, ẹfọ̀n àti erinmi náà wà. Ṣùgbọ́n etí odò Gaji ni wọ́n ń rìn, láìsí ọkọ̀ tó ga, ọ̀bọ àti ìmàdò tó ń rìn yí yàrá ká lẹ ó wò títí ẹ ó fi padà.

Ní Mole, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Orí òkè gẹ́rẹ́gẹ́rẹ́ kan ni wọ́n kọ́ Mole Motel sí láti ìgbà ìjọba Nkrumah, ó sì ń wo adágún tí ẹran ti ń mu omi nísàlẹ̀. Láàárín ẹ̀ẹ̀rùn, erin máa ń wá wẹ̀ ní nǹkan bí aago mọ́kànlá sí ọ̀sán, ẹ ó sì jókòó sórí àga, kí omi tútù wà lọ́wọ́ yín, kẹ́ ẹ máa wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ ìjà wọn da ẹrẹ̀ sẹ́yìn ara wọn. Tí ẹ bá fẹ́ sún mọ́ wọn, ẹ̀ṣọ́ tó gbé ìbọn máa fi ẹsẹ̀ mú yín rìn ní aago méje àárọ̀ tàbí aago mẹ́ta ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́. Bàtà tó bo ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ wọ̀. Ọkọ̀ tún wà fún ẹni tó bá fẹ́. Tó bá bàjẹ́, kò ba ìrìn-àjò yín jẹ́.

Zaina Lodge wà nínú ọgbà Mole kan náà, fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀: yàrá alágọ̀ọ́, odò ìwẹ̀ tó kọjú sí igbó. Owó rẹ̀ ga gan-an, ṣùgbọ́n wọ́n sábà máa ń ka oúnjẹ àti ìrìn inú ọkọ̀ mọ́ ọn, ẹ kì í fi gbogbo àkókò yọ owó lápò.

Ìyókù

Omi: Yankari ló gba ipò kìíní. Ìsun Wikki mọ́ gaara, ooru rẹ̀ kì í kúrò ní 31°C yálà ọyẹ́ mú tàbí kò mú. Ará Èkìtì tó mọ Ìkọ̀gòsì máa wò ó bí ẹ̀gbọ́n tó fẹ̀ ju àbúrò lọ.

Iná: ẹ má bèèrè bóyá iná wà, ẹ bèèrè wákàtí tí wọ́n ń tan jẹnẹrétọ̀ àti wákàtí tí wọ́n ń pa á. Power bank 20,000 mAh wọ bàálù láìsí wàhálà, bó bá wà nínú báàgì ọwọ́.

Oúnjẹ: ìrẹsì, adìyẹ, ẹyin. Ẹ gbàgbé iyán títí ẹ ó fi padà sílé.

Kòkòrò: ní ọ̀dàn, ìrù, eṣinṣin tó ń gún ni, fẹ́ràn àwọ̀ búlúù tó dúdú àti dúdú fúnra rẹ̀, ó sì ń lé ọkọ̀ tó ń rìn. Àdìrẹ ẹlẹ́lú tó rẹwà jù lọ nínú àpótí yín ni aṣọ tó burú jù fún ìrìn yìí. Aṣọ àwọ̀ yẹ̀pẹ̀ ni kẹ́ ẹ wọ̀. Ní Okomu, ìjàlọ ni: ẹ ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀.

Ọ̀bọ olè: ní Wikki àti Mole, ọ̀bọ ńlá tí ẹnu rẹ̀ gùn bí ti ajá mọ̀ pé ọ̀rá ni oúnjẹ ń gbé. Ẹ ti fèrèsé pa kódà tó bá jẹ́ pé bálùwẹ̀ lẹ fẹ́ wọ̀. Tó bá gba nǹkan lọ́wọ́ yín, ẹ fi í sílẹ̀ fún un. Ẹ má fi eyín hàn án. Ẹ̀rín tiwa, ìjà ni lójú rẹ̀.

Ìwé ìrìnnà: Mole nìkan ló nílò rẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà ò nílò físà ní Gánà fún 90 ọjọ́, àmọ́ wọ́n á bèèrè káàdì yẹ́lò, abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú sì gbọ́dọ̀ ti pé ọjọ́ mẹ́wàá lára kó tó jẹ́ ojúlówó. Ẹ ṣẹ́ owó sí sídì, owó Gánà, ní Tamale, ìlú ńlá àríwá Gánà.

Ta ni kó ra èwo

Ẹni tó ní ìparí ọ̀sẹ̀ kan péré, tó sì fẹ́ ẹyẹ ju erin lọ, Okomu ni kó lọ. Ẹni tó ti wà ní Abuja tàbí Jos tẹ́lẹ̀, tó ní ọkọ̀ gíga tirẹ̀, tí àwọn ọmọ sì fẹ́ wẹ̀, Yankari á tẹ́ ẹ lọ́rùn, bó bá ti gba ìdáhùn gbogbo ìbéèrè òkè yẹn.

Mole jìnnà, ẹ jẹ́ ká sòótọ́: Adó sí Èkó, bàálù sí Accra, bàálù míràn sí Tamale, lẹ́yìn náà ọ̀dà tó dán fún nǹkan bíi wákàtí méjì ààbọ̀ títí dé Larabanga, ìlú tó wà lẹ́nu ọ̀nà Mole. Ìnáwó rẹ̀ wà lójú ọ̀nà, ìyẹn sì ni ìnáwó tí ẹ lè mọ iye rẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Tí ẹ bá yàn án, ẹ má ra yàrá tó wọ́n jù ní Mole Motel torí ìran: àlejò gbogbo ló ń lo bàǹkóónì tó kọjú sí adágún. Yàrá tó rọjú ti tó. Ṣáà ti gba àga lẹ́bàá irin ìgbọ́wọ́lé kí aago mọ́kànlá tó lù.