Àgbéyẹ̀wò gìtá béèsì àtijọ́ mi lẹ́yìn tó padà sí ọwọ́ mi ní Ìlọrin

Gìtá béèsì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe tuntun, tòkùnbọ̀ ni mo rà á, orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é sì ti pa rẹ́ lórí rẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi. Ohun tó dájú ni pé àwòṣe Jazz Bass ni wọ́n tẹ̀ lé, ìyẹn irú èyí tí ilé iṣẹ́ Fender ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní ọdún 1960, ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn Precision Bass wọn. Okùn mẹ́rin ni ó ní, pẹ̀lú ogún fúrẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn rẹ̀, píkọ́ọ̀pù méjì tó ń gba ohùn okùn ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ, nọ́ọ̀bù méjì fún bí ohùn yóò ti lọ sókè tó, àti ẹyọ kan fún bí yóò ti mú tàbí rọ̀ tó. Nígbà tí iṣẹ́ gbé mi lọ sí Òkè Ọya ni mo fi í sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa ní Ọ̀fà. Wọ́n lò ó títí wọ́n fi ra olókùn márùn-ún, lẹ́yìn náà ló wọ yàrá ìkẹ́rùsí. Nígbà tí mo béèrè rẹ̀, ọ̀gá akọrin tó wà níbẹ̀ báyìí kò tilẹ̀ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ máa gbé e lọ, kò sẹ́ni tó ń fọwọ́ kàn án mọ́.” Mo dẹ okùn rẹ̀ díẹ̀, mo fi aṣọ wé e, mo sì gba Àjàṣẹ́ Ìpo wá sílé ní Gáà Akànbí.

Ìbéèrè tí àwọn ojúgbà mi ń bi mí ni pé, ṣé kí ẹni tó ti pa béèsì tì láti ọjọ́ pípẹ́ ra tuntun ni, tàbí kí ó tún ti àtijọ́ ṣe. Èrò tèmi ni pé bí ó bá jẹ́ irú èyí, kí ó tún un ṣe. Kò lo bátìrì, kò sí ẹ̀rọ kéékèèké nínú rẹ̀ tí iná tó ń ṣe ségesège lè bàjẹ́, gbogbo ara rẹ̀ ló sì ṣeé tú kí a sì dè padà. Ṣùgbọ́n kí ẹni náà mọ̀ pé àtúnṣe tó péye ni yóò ná owó lé lórí, kì í ṣe igi àti irin gìtá fúnra rẹ̀.

Ọrùn rẹ̀ ni a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Abẹ́ páànù tí kò ní àjà ni wọ́n gbé e sí, ooru ọ̀sán ń pa á, ọyẹ́ ń gbẹ ẹ́, òjò sì ń mú kí igi rẹ̀ tún wú, bẹ́ẹ̀ okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣì fà le lára rẹ̀ ní gbogbo àkókò náà. Abájọ tí ọrùn náà fi tẹ̀ síwájú, tí okùn sì ga kúrò lórí fúrẹ́ẹ̀tì débi pé ìka ní láti jà kí ohùn tó jáde. Irin gígùn kan wà nínú ọrùn gìtá béèsì nítorí irú ọ̀ràn báyìí: bí a bá fún un le, yóò fa ọrùn padà sẹ́yìn, bí a bá dẹ̀ ẹ́, okùn ni yóò borí. Ẹni tó bá mi tún un ṣe, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń tún ẹ̀rọ ohùn ṣe nítòsí Òpópónà Táíwò, fi álẹ́ńkíì yí irin náà ní ìdámẹ́rin ìyípo, ó ní kí a fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, kí ó tó tún yí i díẹ̀ sí i. Igi kì í gbà lójú ẹsẹ̀, ẹni tó bá sì fi agídí yí irin yẹn lè ṣẹ́ ẹ mọ́ inú, bí ó bá sì ti ṣẹ́, ọrùn náà ti parí nìyẹn. Ọyẹ́ tún ti mú kí pákó tí a ń tẹ okùn lé súnkì, tí ṣóńṣó fúrẹ́ẹ̀tì fi yọ jáde ní ẹ̀gbẹ́, tí wọ́n ń ha àtẹ́lẹwọ́ bí eyín ayùn. Fáìlì kékeré ni ó fi rẹ́ wọn.

Lẹ́yìn ọrùn ni ó kan ìṣedéédéé ohùn. Ní fúrẹ́ẹ̀tì kejìlá, ohùn tí a tẹ̀ mọ́lẹ̀ àti ohùn tí a kàn fi ìka bà fẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ bá ara wọn mu. Bí èyí tí a tẹ̀ bá ga jù, a óò sún irin kékeré tí okùn náà jókòó lé sẹ́yìn, kí okùn lè gùn sí i. Okùn méjì ni ó nílò rẹ̀.

Ibi tó gba ọgbọ́n jù ni ariwo. Àwòṣe yìí máa ń kùn láti ilé wá, kí ẹni tó bá fẹ́ rà á mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wáyà ẹyọ kan ni wọ́n wé sínú píkọ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan sì lòdì sí èkejì, tó fi jẹ́ pé bí a bá ṣí nọ́ọ̀bù ohùn méjèèjì tán pátápátá, ariwo iná tí ọ̀kan gbà yóò pa ti èkejì. Bí a bá sì dín ọ̀kan kù, kíkùn náà yóò padà. Nínú ilé tí kò ní wáyà ilẹ̀ (earth), tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì ń dún, ìyàtọ̀ náà kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n kíkùn tèmi kọjá bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí mo tilẹ̀ fọwọ́ kan okùn, kò rọlẹ̀. Èyí ni ó jẹ́ kí ọ̀gbẹ́ni náà tètè mọ ibi tó ti wá. Wáyà kan wà lábẹ́ irin ìdí gìtá, òun ló so gbogbo okùn pọ̀ mọ́ ilẹ̀ iná, òun náà ló sì ń mú kí ariwo dínkù nígbà tí ọwọ́ bá wà lára okùn. Wáyà yìí ti já. Ó fi òjé jó o padà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó fín oògùn inú agolo sí àwọn nọ́ọ̀bù tó ń ta pàrà-pàrà, ó pààrọ̀ ihò tí a ń ki wáyà bọ̀, ó parí.

Okùn tuntun ni ó ná mi lówó jù, ó ju owó iṣẹ́ lọ. Èyí tí nínípọn rẹ̀ jẹ́ 0.045 sí 0.105 ínṣì ni mo rà, irú tí wáyà òde rẹ̀ rí róbótó, nítorí ohùn rẹ̀ mọ́, ó sì ń dún pẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ràn ohùn tó rọ̀ tó sì tètè kú, bí èyí tí a máa ń gbọ́ nínú àwọn àwo jùjú àtijọ́, kí ó wá èyí tí wáyà òde rẹ̀ jẹ́ pẹlẹbẹ. Ó wọ́n ju ti tèmi lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń tọ́jọ́.

Ní ti bí mo ṣe tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ta á, ọrùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni ó gbà mí. Lókè, níbi tí okùn ti bọ́ sórí pákó, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi mílímítà 38, èyí tó kéré sí ti Precision, ọwọ́ tó ti di aláìmọ́kan sì nílò irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀, gígùn okùn jẹ́ ínṣì 34, ìyẹn nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 86, ìka òrúka àti ìka kékeré mi kò sì lè dé ibi tí wọ́n ń dé tẹ́lẹ̀ ní àwọn fúrẹ́ẹ̀tì òkè. Mo sọ̀ kalẹ̀ sí fúrẹ́ẹ̀tì karùn-ún, níbi tí àlàfo ti kéré, mo ń ṣe ìdánrawò níbẹ̀ títí ọwọ́ fi là. Ìka mi léròrò, ó wò, awọ rẹ̀ sì le. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ẹnu fóònù gbọ́ béèsì o: okùn tó rẹlẹ̀ jù máa ń gbọ̀n ní nǹkan bíi ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹnu fóònù kò sì lè gbé irú ohùn bẹ́ẹ̀ jáde. Mo lo gbohùngbohùn etí fún àwọn orin tí mo ń kọ́, mo sì ra ẹ̀rọ ìtọ́hùn kékeré tí a ń há mọ́ orí gìtá, èyí tó ń mọ ohùn láti inú gbígbọ̀n igi, tí ariwo ilé kò fi lè dà á láàmú.

Nígbà tí mo dé àárín àwọn akọrin ni mo rí ibi tí ó kù sí. Àwọn tó ń lé orin níhìn-ín kì í béèrè kéè, ìyẹn ohùn tí orin yóò dúró lé, lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ibi tó bá wù wọ́n ni wọ́n ti ń gbé e, ẹni tó ń tẹ dùùrù yóò sì wá a kàn. Bí ó bá bọ́ sí E-flat tàbí D-flat, olókùn mẹ́rin, tó jẹ́ pé E ni okùn rẹ̀ tó rẹlẹ̀ jù, kò ní ohùn ìsàlẹ̀ tí orin náà dúró lé, mo sì ní láti gùn ún lọ sókè. Olókùn márùn-ún ní okùn B tó lọ sísàlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ gbohùngbohùn ìjọ wa kò lè gbé ohùn náà jáde ju ìgbọ̀nrìrì lọ, nítorí náà n kò rí ìdí tí màá fi pààrọ̀.

Ohun tó dùn mọ́ mi jù ni bí ó ti bá gángan rìn. Gángan ń sọ̀rọ̀ ní tirẹ̀, béèsì tó bá sì ń sọ̀rọ̀ lé e lórí yóò ba ti àwọn méjèèjì jẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń lù ú fún wa sọ fún mi pé, “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa fi àyè sílẹ̀ fún mi bí mo bá ti ń ki oríkì.” Mo wá dín píkọ́ọ̀pù ẹ̀yìn kù díẹ̀ kí ohùn mi lè ṣe róbótó nísàlẹ̀ rẹ̀, mo fara mọ́ kíkùn fẹ́ẹ́rẹ́ tó bá a wá, mo sì ń ta ohùn kan ní ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn rẹ̀, kí n tó dákẹ́ dè é.

Ẹni tó bá fẹ́ ra tòkùnbọ̀ irú èyí ní ọjà, kí ó gbé e sókè kí ó sì fi ojú kan wo ọrùn rẹ̀ láti ìdí dé orí, bóyá ó yí sí ẹ̀gbẹ́, nítorí irin inú ọrùn kò lè tún ìyẹn ṣe. Kí ó rí i pé álẹ́ńkíì ṣì lè yí irin náà, kí ó tẹ okùn kọ̀ọ̀kan ní gbogbo fúrẹ́ẹ̀tì, kí ó sì so ó mọ́ ẹ̀rọ, kí ó fi ọwọ́ kan okùn kí ó sì gbé e kúrò, kí ó gbọ́ bóyá kíkùn rẹ̀ yí padà. Bí ẹni tó ń tà á bá ní kò sí iná láti fi dán an wò, kí ó padà wá nígbà tí iná bá dé.