Oyè B.A. nínú ẹ̀kọ́ ìsìn àti iṣẹ́ ìránṣẹ́ ní yunifásítì Àgùdà l'Ámẹ́ríkà: ọ̀rọ̀ ẹni tó kà á

Oyè yìí kì í sọ ènìyàn di fadá, kì í sì í sọ ènìyàn di chaplain ọsibítù, ìyẹn ẹni tó ń bójú tó ọ̀ràn ẹ̀mí àwọn aláìsàn. Mo fi èyí ṣáájú nítorí pé ibẹ̀ ni àṣìgbọ́ pọ̀ sí jù. Òfin Ìjọ, nọ́ńbà 250, ní kí ẹni tó ń lọ sí ipò àlùfáà fi ọdún mẹ́fà kẹ́kọ̀ọ́, ó kéré tán: méjì fún fìlọ́sọ́fì, mẹ́rin fún tiọ́lọ́jì. Ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé-ẹ̀rí chaplain kíkún lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àwọn chaplain Àgùdà ibẹ̀ sì ní láti ní másítà, kó tún ṣe CPE (ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ẹ̀mí tí wọ́n ń kọ́ lẹ́nu iṣẹ́, bíi ní ọsibítù) ìpele mẹ́rin, wákàtí 400 ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Ẹ má sì pe B.A. yìí ní S.T.B. Oyè yunifásítì lásán ni B.A.; S.T.B. ni oyè àkọ́kọ́ nínú tiọ́lọ́jì tí Róòmù fọwọ́ sí, òun ni wọ́n sì ń wò kí wọ́n tó gba ènìyàn fún S.T.L., oyè Róòmù tó tẹ̀ lé e.

Kí wá ni ó wúlò fún? Kíkọ́ katikísímù ní páríìṣì, ìdarí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́, kíkọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn ní ilé-ẹ̀kọ́ Àgùdà, àti ìmúrasílẹ̀ fún másítà. Owó iṣẹ́ páríìṣì kò pọ̀, kí a má tan ara wa. Ṣùgbọ́n nínú krẹ́díìtì 120 tí wọ́n sábà máa ń béèrè fún B.A., nǹkan bíi 30 sí 36 péré ni ti ẹ̀ka yìí. Àyè wà láti kó ẹ̀ka kejì mọ́ ọn, kò sì yẹ kí ẹ fi àyè náà ṣòfò. Saikọ́lọ́jì dára, iṣẹ́ ìrànlọ́wọ́ aráàlú dára, ṣùgbọ́n èdè Spanish ni èmi yóò mú ṣáájú, nítorí páríìṣì tó ń ṣe Mísà ní Spanish pọ̀ lọ jàra, ẹni tó sì gbọ́ èdè náà ni wọ́n ń wá. Gíríìkì ńkọ́? Àfi bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ síwájú nínú ẹ̀kọ́ Bíbélì.

Ẹ ra Bíbélì tó ní ìwé 73, NABRE tàbí NRSV ti Kátólíìkì. Bíbélì Yorùbá tó wà nílé ọ̀pọ̀ wa, 66 ló ní. Ẹ kò ní rí Tóbítì, Júdítì, Ọgbọ́n, Síráákì, Bárúkù àti Mákábè méjèèjì níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ wọ́n á fi wọ́n ṣe iṣẹ́ àmúrelé. (Bí ẹ bá rí ìwé Látìn àtijọ́ tó pe Sáàmù 23 ní 22, kì í ṣe àṣìtẹ̀. Bí Bíbélì Látìn ṣe ń to nọ́ńbà Sáàmù nìyẹn.)

Iṣẹ́ tó ń dá ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ dúró ni àkọsílẹ̀ gígùn lórí ẹsẹ Bíbélì. Ẹni tó ti ń gbọ́ ìwàásù láti kékeré á kàn wàásù sórí ìwé. Olùkọ́ kò béèrè ìyẹn. Ó fẹ́ mọ bí òǹkọ̀wé ṣe to ọ̀rọ̀ rẹ̀ àti ìdí tó fi tò ó bẹ́ẹ̀. Ẹ mú Máàkù 5:21-43, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde pẹ̀lú Mátíù 9:18-26 àti Lúùkù 8:40-56 ní òpó mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ fi àwọ̀ kan kun ohun tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ sọ, kí ẹ fi òmíràn kun ohun tí ẹnì kan ṣoṣo sọ. Ẹ ó rí i pé nínú Máàkù, ọmọ Jáírù wà lẹ́nu ikú nígbà tí bàbá rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Jésù. Nínú Mátíù, bàbá náà ní ó ti kú. Ní ti Máàkù, ọdún 12 ni ẹ̀jẹ̀ ti ń dà lára obìnrin náà, ọdún 12 sì ni ọmọ náà. Mátíù kò sọ ọjọ́ orí ọmọ rárá. Ẹ kọ gbogbo èyí sílẹ̀ kí ẹ tó ṣí ìwé àwọn alálàyé. Ẹni tó bá kọ́kọ́ ṣí wọn, èrò wọn ni yóò dà kọ, olùkọ́ á sì mọ̀.

Ẹ̀rù máa ń ba àwọn kan nígbà tí olùkọ́ bá sọ pé kì í ṣe ọwọ́ ẹnì kan ló kọ ìwé márùn-ún àkọ́kọ́. Kí wọ́n lọ ka Dei Verbum tí Ìpàdé Vatican Kejì gbé jáde ní 1965, nọ́ńbà 12: Ìjọ fúnra rẹ̀ ló ní ká wo irú ìwé tí à ń kà ká tó túmọ̀ rẹ̀.

Iṣẹ́ ojú pápá, ìyẹn iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ ṣe ní páríìṣì, ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ọsibítù, ló tó owó tí wọ́n ń gbà jù. Láti ìgbà tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí ìlànà ààbò ọmọdé ní 2002, ẹni tí yóò bá àwọn ọmọdé ṣiṣẹ́ ní láti gba ẹ̀kọ́ ààbò, kí wọ́n sì ṣe ìwádìí nípa rẹ̀. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, nítorí náà ẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nígbà ìsinmi. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí kíláàsì wọlé ni wákàtí kì í pé fún.

Bí ẹ bá ń bẹ aláìsàn wò, wọ́n á ní kí ẹ kọ verbatim: ohun tí ẹ sọ, ohun tí aláìsàn sọ, bó ṣe jáde lẹ́nu, láìkọ orúkọ rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ lọ́jọ́ náà gan-an, torí bó bá di ọjọ́ kejì, ohun tó yẹ kí ẹ sọ lẹ ó máa kọ. Àwa Yorùbá ní ìṣòro tiwa níbí. Kí aláìsàn tó sọ pé ẹ̀rù ń ba òun, a ti ní “ẹ ò ní kú, ẹ ó yè lágbára Ọlọ́run.” Alábòójútó á wá béèrè pé ta ni àdúrà yẹn tù nínú, aláìsàn ni àbí àlejò?

Ẹni tó wà lórí físà F-1, ti akẹ́kọ̀ọ́, kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ olówó níta ọgbà láìgba àṣẹ ṣáájú, bíi CPT (àṣẹ fún iṣẹ́ tó jẹ́ apá ẹ̀kọ́) tí wọ́n ń kọ sórí I-20, ìwé tí ilé-ẹ̀kọ́ fún un fún físà. Ènìyàn sì sábà máa ń ní láti kàwé fún odindi ọdún ẹ̀kọ́ kan kí wọ́n tó fún un ní CPT. Lẹ́yìn oyè, OPT (àṣẹ láti ṣiṣẹ́ nínú ohun tí ènìyàn kọ́) oṣù 12 ni; àfikún tí àwọn onísáyẹ́ǹsì ń rí gbà kò kan ẹ̀ka yìí. Ọ̀nà mìíràn ni R-1, físà àwọn òṣìṣẹ́ ìsìn, ó lè tó oṣù 30 ní àkọ́kọ́, ó sì béèrè pé kí ènìyàn ti jẹ́ ọmọ ìjọ náà fún ọdún méjì.

Kí ẹ tó san owó tí wọ́n fi ń di àyè mú fún yín, ẹ kọ lẹ́tà sí ẹ̀ka náà. Ẹ bi wọ́n pé wákàtí mélòó ni iṣẹ́ ojú pápá, ta ni ó ń bójú tó o, ṣé ó máa ń ka verbatim akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀, ibo sì ni àwọn tó jáde kẹ́yìn ti ń ṣiṣẹ́. Bó bá jẹ́ ìwé ìpolówó nìkan ni wọ́n fi dáhùn, ẹ wá ibòmíràn.