Ìkìlọ̀: Ẹ má sanwó lórí ajá Lhasa tí wọ́n ní “ẹ wá gbà tọ́” tí ẹ ò bá tíì fọwọ́ kàn án

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, láti Ìgbógbó dé Ìjẹ̀dẹ́, láti Agric dé Ọ̀dọ̀gùnyàn àti Ìmọ́tà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí tán kẹ́ ẹ tó fowó ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni nítorí ajá. Ọkùnrin kan wà láàárín wa tó ń pe ara rẹ̀ ní ẹni tó ń dóòlà àwọn Lhasa. Láàárín oṣù mẹ́rin, ó ti gbowó lọ́wọ́ èèyàn mẹ́sàn-án tí mo bá sọ̀rọ̀ lójúkojú. Mẹ́fà nínú wọn ò rí ajá kankan. Àwọn mẹ́ta tó kù rí ajá gbà, ohun tójú wọn rí lẹ́yìn náà ni ò jẹ́ kí n sùn tí mo fi ń kọ èyí.

Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ síbí. Ọ̀rọ̀ ti dé àgọ́ ọlọ́pàá, mi ò fẹ́ kó rí ohun tó máa dì mú pé a bà á lórúkọ jẹ́. Orúkọ ọ̀hún gan-an ò tiẹ̀ lè ràn yín lọ́wọ́, torí ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti yí i padà, òun àti nọ́ńbà fóònù. Bó ṣe ń ṣe é ni kò yí padà, ìyẹn ni mo sì fẹ́ tú síta.

Ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń gba Lhasa tí wọ́n pa tì sílé, tí mo ń tọ́jú wọn, tí mo sì ń wá ẹni rere fún wọn. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló jẹ́ pé olówó wọn ló jápa. Físà jáde, onílé ń béèrè kọ́kọ́rọ́, kò sí mọ̀lẹ́bí tó fẹ́ gba ajá, wọ́n á wá fà á lé mẹ́gáàdì lọ́wọ́. Mẹ́gáàdì tí ò rí oúnjẹ tara rẹ̀ jẹ yó, kí ló fẹ́ fún ajá? Kó tó pé oṣù méjì, ajá tó ń sùn lórí àga pálọ̀ ti ń tú ààtàn. Irun Lhasa kì í yéé hù. Béèyàn ò bá yà á déédéé, ṣe ló máa dì papọ̀ títí kan awọ ara, eégbọn á sì fi abẹ́ rẹ̀ ṣelé. Ìlú Lhasa ní Tíbẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá, wọ́n á máa ṣọ́ inú ilé àwọn ẹlẹ́sìn Búdà níbẹ̀. Òtútù orí òkè ni irun yẹn wà fún, kì í ṣe oòrùn wa yìí. Ṣùgbọ́n ajá náà dáa. Gíga rẹ̀ láti ilẹ̀ dé èjìká ò ju nǹkan bí ínǹṣì 10 sí 11, kò gba àyè lọ títí nínú ilé oníyàrá kan àti pálọ̀, kò sì sí àlejò tó máa kan géètì tí kò ní kéde rẹ̀. Ìdí rèé tí gbogbo èèyàn fi ń wá a, ìdí náà sì rèé tí oníjìbìtì yìí fi mú un.

Ohun tó máa ń kọ sórí Facebook àti WhatsApp rèé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí ọ̀rọ̀ kan padà: “Màdámù kan ń lọ sí Kánádà ní Sátidé. Kò ta ajá rẹ̀ o, ẹni tó láàánú lójú ló ń wá. Owó abẹ́rẹ́ nìkan lẹ máa san.” Fọ́tò Lhasa kan tó lẹ́wà á wà lábẹ́ rẹ̀, irun rẹ̀ gùn wálẹ̀ bíi ṣẹ́ẹ̀dà. Ọ̀rọ̀ “kò tà á” yẹn ló ń mú èèyàn. Ẹni tó máa ná ọjà fún ìdajì wákàtí ní Sábọ̀ kì í dúnàádúrà nígbà tí wọ́n bá fi àánú bẹ̀ ẹ́. Ojú á tì í láti béèrè ọ̀rọ̀ púpọ̀.

Àbúrò kan tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, tó ń gbé lọ́nà Agric, san 25,000 náírà owó abẹ́rẹ́. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní kó san 12,000 owó ọkọ̀, torí pé Lẹ́kí lajá wà. Ó san án. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹnì kan pè é pé òun ni dírẹ́bà, wọ́n ti dá òun dúró ní Mile 12, wọ́n ní ajá ò ní ìwé, àfi kó tètè fi 30,000 ránṣẹ́ kí wọ́n má bàa gba ajá náà. Ó ń gbọ́ ajá tó ń gbó lẹ́yìn ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ó sọ fún mi pé gbígbó yẹn ló jẹ́ kí òun fi owó oúnjẹ oṣù yẹn ránṣẹ́, torí ó ti ń ṣe òun bíi pé ajá òun ló ń ké. Látìgbà yẹn, nọ́ńbà ò wọlé mọ́. 67,000 náírà ti lọ.

Ó fi fọ́tò náà hàn mí. Mo fi Google Lens, tó máa ń fi fọ́tò wá ibi tí wọ́n ti lò ó rí, wá a, ojú ìwé àwọn tó ń sin ajá lókè òkun ni mo ti bá a. Nígbà tá a fa fọ́tò náà fẹ̀, a rí fèrèsé lẹ́yìn ajá náà, yìnyín funfun sì bo orí ọgbà tó wà níta. Àbúrò yìí ò rí i nígbà tó ń sanwó. Ojú ajá ló ń wò.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ti àwọn tó rí ajá gbà, torí ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti dun mí jù.

Tọkọtaya kan ní Ìjẹ̀dẹ́ fẹ́ gba ajá fún ọmọbìnrin wọn, ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ọkùnrin yìí ò jẹ́ kí wọ́n wá sílé òun. Ó ní kí wọ́n pàdé òun ní gáréèjì ní aago méje alẹ́, nígbà tí ilẹ̀ ti ń ṣú. Inú páálí ìndómì ló ti gbé ọmọ ajá náà jáde. Ó fún wọn ní káàdì, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni, pé ó ti gba abẹ́rẹ́ mẹ́ta tán, pẹ̀lú ti dìgbòlugi. Wọ́n san 80,000. Ọmọbìnrin náà sọ ọ́ ní Mímì.

Alẹ́ àkọ́kọ́, Mímì ò jẹun. Wọ́n pe ọkùnrin náà, ó ní ó ń ṣàárò ìyá rẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kẹrin, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ó sì ń yàgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀. Aago mọ́kànlá alẹ́ ni wọ́n tó rí nọ́ńbà mi. Bí mo ṣe wọ pálọ̀ ni òórùn yẹn ti kan mí nímú, ẹni tó bá ti gbọ́ òórùn parvo, àìsàn ìfun tó ń pa ọmọ ajá, rí kì í ṣì í mọ̀. Mo fi àtàǹpàkò gbé ètè ọmọ ajá náà sókè, èrìgì rẹ̀ funfun bí ògì. Ọmọbìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú abọ́ mílíìkì lọ́wọ́, ó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó lá a.

Dókítà ẹranko gbà wá lóru, ó fa omi sí i lára. Nígbà tó ya ẹnu rẹ̀, ó pè mí kí n wá wò ó. Eyín iwájú wẹ́wẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọrí ni, ti ẹ̀yìn ò tíì sí rárá. Ọmọ ajá tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, eyín ọmọdé rẹ̀ ti máa ń pé sẹ́nu, méjìdínlọ́gbọ̀n. Dókítà ní èyí ò tíì pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Wọ́n já a gbà lẹ́nu ọmú ni. A wá ka ọjọ́ orí káàdì padà sẹ́yìn: lọ́jọ́ tí wọ́n kọ pé ó gba abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́, ojú ọmọ ajá náà ò tíì lè là. Bírò kan náà, ọwọ́ ìkọ̀wé kan náà ni wọ́n fi kọ abẹ́rẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí ìlẹ̀mọ́ kankan lára rẹ̀, èyí tí dókítà máa ń bó lára ìgò abẹ́rẹ́ tó sì máa ń lẹ̀ mọ́ káàdì. Mímì kú kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ kẹfà.

Ẹ fọkàn sí èyí dáadáa. Parvo kì í sábà fara hàn lọ́jọ́ tó wọ ara ajá. Ó máa ń tó ọjọ́ mẹ́ta sí méje kó tó yọjú. Torí náà, ọmọ ajá tó ń ṣeré nínú páálí lálẹ́ ọjọ́ tẹ́ ẹ gbà á lè ti ní in lára, ọkùnrin náà sì mọ̀ pé kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bì, òun ti lọ. Abẹ́rẹ́ àjẹsára gidi máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ, wọ́n á sì máa gún un léraléra títí ajá á fi tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Tí àìsàn yìí bá ti pa ajá nílé yín, ẹ fi omi bílíìsì fọ gbogbo ibi tó dé, kẹ́ ẹ sì sọ ibùsùn rẹ̀ nù, torí kòkòrò náà lè wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ẹ má gbé ọmọ ajá mìíràn tí ò tíì gba abẹ́rẹ́ wọ ibẹ̀. Ìyá ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́jọ yẹn ti fẹ́ ra òmíràn fún un lọ́sẹ̀ kejì kó lè dẹ́kun ẹkún. Mo bẹ̀ ẹ́ kó dúró.

Ajá kejì bu ọmọkùnrin kan jẹ lọ́wọ́ ní Ẹ̀bútẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní kò sí wàhálà, káàdì sọ pé ó ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Káàdì tí wọ́n ti kọ irọ́ sí! Àwọn òbí wa mọ ohun tí ajá dìgbòlugi ń ṣe kí dókítà tó dé ìlú yìí. Bí àìsàn yẹn bá ti fara hàn lára èèyàn, kò sí oògùn tá a lè gbójú lé mọ́. Tí ajá tẹ́ ẹ ò dá lójú bá gé yín jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kẹ́ ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà. Ọmọ náà ti ń gba abẹ́rẹ́ tirẹ̀, ara rẹ̀ le.

Ẹ̀kẹta wà lọ́dọ̀ mi báyìí. Abo ni. Wọ́n tà á fún màmá àgbàlagbà kan pé ọmọ ọdún méjì ni. Eyín rẹ̀ ti jẹ dé ìdí, ọmú rẹ̀ fà dé ilẹ̀, ojú òsì ti funfun. Mo fi wákàtí mẹ́ta gé irun tó dì mọ́ ọn lára. Nígbà tí mo dé ọrùn, síṣọ́ọ̀sì kan nǹkan líle: okùn ọ̀rá tí wọ́n so mọ́ ọn láti kékeré, awọ ti hù bò ó. Ìyá ọmọ ni wọ́n fi í ṣe, tí wọ́n ń jẹ́ kó lóyún léraléra, ìgbà tí kò lè bímọ mọ́ ni wọ́n wá pè é ní ajá tí wọ́n dóòlà. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ibì kan wà tó ti ń sin wọ́n. Ẹni tó ń gba ajá tí wọ́n pa tì, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni ọmọ ọmú máa ń bọ́ sí i lọ́wọ́. Ọkùnrin yìí ní ọmọ Lhasa tuntun lóṣooṣù.

Ẹ bá mi wò ó báyìí. Nínú àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán, kò sí ẹyọ kan tí ọkùnrin náà bi pé, ṣé onílé yín fọwọ́ sí ajá? Ṣé ọgbà yín ní géètì? Ta ló máa bọ́ ọ tẹ́ ẹ bá lọ sí abúlé? Owó nìkan ló ń béèrè. Èmi, bí mi ò bá tíì wá jókòó nílé yín, ajá mi ò ní débẹ̀, àwọn kan tiẹ̀ ti bínú sí mi nítorí ẹ̀. Lóòótọ́, ẹni tó bá gba ajá lọ́wọ́ mi máa ń san owó abẹ́rẹ́ àti owó iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó bímọ mọ́, ṣùgbọ́n orí tábìlì dókítà ló ti ń san án, kì í ṣe sínú àkáǹtì mi. Bí ẹnikẹ́ni bá ní owó abẹ́rẹ́ lòun ń gbà, ẹ ní kó jẹ́ kẹ́ ẹ pàdé lọ́dọ̀ dókítà ọ̀hún lọ́sàn-án gangan. Bó bá ní ibi tí ajá wà jìn, ẹ ní kó pè yín lórí fídíò, kó gbé etí òsì ajá náà sókè lójú yín. Fọ́tò ò lè gbé etí sókè.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sanwó, ẹ pe báńkì yín lónìí, ẹ má dúró di ọ̀la, torí kíákíá ni oníjìbìtì yìí máa ń gbé owó kúrò nínú àkáǹtì. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá pẹ̀lú rìsíìtì.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní káàdì rẹ̀ lọ́wọ́, bí ajá náà tiẹ̀ ti kú, ẹ má ya á, ẹ má sọ ọ́ nù. Òǹtẹ̀ kan náà ló wà lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo rí, dókítà tó ni orúkọ tó wà nínú òǹtẹ̀ náà sì ti sọ pé òun ò fọwọ́ sí ọ̀kankan. Ó ti gbà láti bá wa lọ sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ọlọ́pàá lọ́jọ́ Túsìdé. Káàdì mẹ́ta péré la ní. Ẹ mú tiyín wá.