Sáfà olówó pọ́ọ́kú tí àwọn oníbàárà fúnra wọn ń gbé ró

"Ẹ pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kí ẹ tún Debian gbé sórí rẹ̀." Ìdáhùn tí ilé-iṣẹ́ tó ń yá mi ní sáfà fún mi nìyí nígbà tí mo ṣàròyé pé sáfà náà ń falẹ̀, òun ló sì mú mi kọ àgbéyẹ̀wò yìí. Debian ni ètò tó ń mú ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́. Sáfà KVM ni (ìpín kan lára ẹ̀rọ ńlá tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń lò), RAM 1GB, dọ́là 15 lọ́dún. Mo ti fi àwòrán top (àṣẹ tó ń fi bí CPU ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn) ránṣẹ́ sí àwọn òṣìṣẹ́ wọn, st hàn gbangba níbẹ̀ ní 38 nínú ọgọ́rùn-ún. Àkókò tí sáfà rẹ ti ṣe tán láti ṣiṣẹ́, àmọ́ tí ẹ̀rọ ńlá tó gbé e ń fi CPU dá àwọn ẹlòmíì lóhùn, ni st ń kà. Kí ni títún Debian gbé sórí rẹ̀ fẹ́ ṣe sí ìyẹn? Bí mo bá gbọ́ tiwọn, fáìlì a lọ, st a ṣì wà níbẹ̀. Kí n tó fèsì, wọ́n ti ti tíkẹ́ẹ̀tì náà, ìyẹn ìwé àròyé mi, pa. Inú bí mi gidigidi.

Inú ẹgbẹ́ àwọn oníbàárà wọn lórí Telegram ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Àgbà kan níbẹ̀, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́, tí kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, dá mi lóhùn pé: "Bọ̀dá, ẹ fi àwòrán sílẹ̀. Ẹ lo vmstat 1 60, tó máa ka st ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan nígbà ọgọ́ta, láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lóru, kí ẹ kọ aago UTC sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ẹ fi ioping -c 20 . tẹ̀ lé e, èyí tó ń wọn bí dísìkì ṣe ń yára dáhùn, kí wọ́n má baà di ẹ̀bi ru dísìkì. Ẹ má ṣí tíkẹ́ẹ̀tì kejì o, ẹ̀yìn ìlà ló máa dá yín padà sí. Inú ti tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ fèsì sí." Dísìkì ò tiẹ̀ lò tó mìlísẹ́kọ́ńdì kan láti dáhùn, nítorí náà CPU nìkan ló há. Àwọn mìíràn tó wà lórí node kan náà (ẹ̀rọ ńlá tó gbé sáfà wa) gbé tiwọn jáde: aago kan náà ni st gbogbo wa ń gòkè.

Bí ẹ̀rí yẹn ṣe pọ̀ tó báyìí ni ọ̀gá ẹlẹ́rọ wọn wọlé fúnra rẹ̀. Kò sẹ́. Ó ní ẹnì kan lórí node náà ló ń yí fídíò padà tọ̀sán-tòru, òun sì ti dín CPU onítọ̀hún kù. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ kó lọ sórí node mìíràn kó sọ: wọn á pa sáfà, wọn á da dísìkì kọ, wọn á tàn án padà, IP ò ní yí. Mo ní kó kó tèmi. Láti ìgbà náà, st kì í kọjá 1.

Òfin ẹgbẹ́ yẹn ló mú kí èyí ṣeé ṣe. Ẹni tó bá fẹ́ ṣàròyé gbọ́dọ̀ dárúkọ node rẹ̀, kó sì fi àbọ̀ ìdánwò sí i. Líǹkì tí èèyàn fi ń gba èrè lórí oníbàárà tó bá mú wá kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ rárá. Ibi tí ìyẹn bá ti wọlé, ìyìn á di ọjà títà, kò sì sẹ́ni tó máa gba ẹlòmíì gbọ́ mọ́. Wọ́n tún ń kìlọ̀ fún àwọn tuntun nípa NAT, ìyẹn kí ọ̀pọ̀ sáfà jọ máa lo àdírẹ́ẹ̀sì kan. IPv4, àdírẹ́ẹ̀sì íńtánẹ́ẹ̀tì irú ti àtijọ́, ti wọ́n; RIPE, àjọ tó ń pín in ní Yúróòpù àti àyíká rẹ̀, ti pín èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ tán ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, nítorí náà sáfà tó rọjú jù lọ ń bá ọ̀pọ̀ èèyàn pín àdírẹ́ẹ̀sì kan. Pọ́ọ̀tù 80 àti 443, tí wẹ́ẹ̀bù ń gbà wọlé, kì í ṣe tìrẹ. Tí o bá fẹ́ gbé wẹ́ẹ̀bù síbẹ̀, lo IPv6 rẹ (àdírẹ́ẹ̀sì irú tuntun), fi Cloudflare (ilé-iṣẹ́ tó ń gba àlejò wẹ́ẹ̀bù wọlé fún ọ) síwájú rẹ̀, àwọn tó ní IPv4 nìkan náà á lè wọlé.

Síbẹ̀, iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ni àwọn èèyàn yìí ń bá wọn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, kò sì dáa. Pọ́ọ̀tù 25, tí ímeèlì ń gbà jáde, tì, wọn ò sọ ọ́ kí n tó sanwó. Wọn kì í ṣe báákọ́ọ̀pù. Restic ni mò ń fi ṣe tèmi, ilé-iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni mo sì ń kó o sí. Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n tì pa yẹn, ẹnikẹ́ni ò tíì bẹ̀ mí lórí rẹ̀ dòní.

Máàkì: 2 nínú 5. Mo ti san ti ọdún tó ń bọ̀.