Nínú bọ́ọ̀lù agbọ̀n, a fi àmì 3 ṣíwájú, àsìkò ti fẹ́ẹ̀ tán, bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ alátakò: ká fáòlù (ká mọ̀ọ́mọ̀ ṣẹ̀ wọ́n) ni àbí ká kàn ṣọ́ wọn?

Tí a bá fáòlù, jíjù ọ̀fẹ́ 2 péré ni wọ́n máa rí, 2 ò sì tó 3. Àmọ́ bí ọwọ́ bá kan ẹni tó ti ń gbé bọ́ọ̀lù sókè láti jù ú fún àmì 3, ó di jíjù ọ̀fẹ́ 3, ọ̀ràn dé nìyẹn. Ṣíṣọ́ wọn rọrùn láti kọ́ àwọn ọmọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo eré kẹfà àṣekágbá NBA (líìgì bọ́ọ̀lù agbọ̀n Amẹ́ríkà) 2013. San Antonio ní 95, Miami ní 92. Popovich, akọ́nimọ̀ọ́gbá San Antonio, ò ní kí wọ́n fáòlù. LeBron James ti Miami ju bọ́ọ̀lù, kò wọlé. Chris Bosh, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, hán an, ó sọ ọ́ sí Ray Allen ní igun, ìyẹn jù ú wọlé fún àmì 3: 95 sí 95! Àfikún àsìkò ni Miami ti borí.

Bó bá ku ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún, ẹ fáòlù. Bó bá ju mẹ́wàá lọ, tàbí tí ara àwọn ọmọ yín ò balẹ̀, ẹ ṣọ́ wọn.