Ṣọ́ọ̀bù jẹsí àtijọ́ l'Ádamásìngbà, àti bí wọ́n ṣe ṣe ti Shevchenko

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń béèrè pé níbo lèèyàn ti lè rí jẹsí àtijọ́ tó dáa rà n'Ìbàdàn láìjẹ́ pé ó ránṣẹ́ s'Ékòó, ibẹ̀ wà o, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ lọ. Apá Adamásìngbà ni, tẹ́ ẹ bá ti kúrò níwájú pápá Lékan Sàlámì tẹ́ ẹ ń lọ sọ́nà Mọ́kọ́lá. Wọn ò ní sáìnìbọ́ọ̀dù, jẹsí tí wọ́n fi kọ́ ojú ilẹ̀kùn lẹ máa fi dá a mọ̀, ẹ ṣáà sọ fún ọlọ́kadà pé ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta jẹsí ayé ọjọ́un lẹ̀ ń lọ, wọ́n á gbé yín débẹ̀.

Jẹsí Andriy Shevchenko, agbábọ́ọ̀lù iwájú ọmọ Ukraine tó gbá bọ́ọ̀lù fún Milan ní Ítálì, ni mo bá lọ, òun náà ni mo sì fi dán wọn wò. Kò sẹ́ni tí ò lè tẹ Ronaldinho tàbí Okocha sẹ́yìn aṣọ, àmọ́ ti Sheva, bí wọ́n ṣe máa ń pè é, gba kéèyàn mọ nǹkan tó ń ṣe. Ẹ wo àwọn tó ń pàtẹ sílẹ̀ lójú títì, Milan yòówù tó bá ti wà lọ́wọ́ wọn, Shevchenko 7 ni wọ́n máa tẹ̀ sí i, kódà kí orúkọ Bwin, ilé iṣẹ́ tó ń gbọ̀wọ́ fún wọn, wà láyà ẹ̀, ìyẹn ò sì rí bẹ́ẹ̀ rárá. Láti 1999 tó dé Milan títí di 2006 tó kúrò, Opel ló wà láyà jẹsí wọn. Ìgbà tí Bwin fi wà níbẹ̀, tí Chelsea yá wọn padà ní 2008, Pato, agbábọ́ọ̀lù míì, ti gba 7, nọ́ńbà 76 ni Sheva wọ̀ ní sáà yẹn, torí 1976 ni wọ́n bí i. Ṣé ẹ mọ̀ pé 76 yẹn wà ní ṣọ́ọ̀bù yìí? Ó wà lórí háńgà, Bwin láyà, 76 lẹ́yìn, bó ṣe yẹ kó rí gẹ́lẹ́. Ibẹ̀ lọkàn mi ti balẹ̀ pé àwọn èèyàn yìí fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, kì í ṣe owó nìkan ni wọ́n ń wá.

Èyí tí mo rà ni Milan pupa-òun-dúdú, Opel, nọ́ńbà 7. Aṣọ ẹ̀ nípọn díẹ̀, kì í ṣe èyí tó máa ń lẹ̀ mọ́ èèyàn lára bí ooru bá mú, báàjì ẹ̀ rán ni wọ́n rán an mọ́ ọn, wọn ò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ojú rírán ẹ̀ nínú sì mọ́, kò sí òwú tó ń já kiri. Mo ti fọ̀ ọ́, mo ti sá a sóòrùn, nọ́ńbà ẹ̀yìn ò bó. Ẹ̀gbọ́n tó ni ṣọ́ọ̀bù ò purọ́ fún mi pé Adidas ojúlówó ni, ó sọ fún mi kí n tó sanwó pé ẹ̀dà ni, pé ojúlówó tọdún yẹn tẹ́nì kan bá rí, owó ńlá ló máa fi rà á. Irú òótọ́ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n lọ́jà. 22,000 ló kọ́kọ́ pè é, mo ná an títí a fi wà ní 18,000. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀.

Nǹkan míì tí mo fẹ́ràn ni bí wọ́n ṣe tò wọ́n. Wọ́n to jẹsí ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ lọ ni, téèyàn bá dúró síbẹ̀ ó máa rí gbogbo ibi tí ọkùnrin yẹn gbà kọjá. Funfun ti Dynamo Kyiv ló ṣáájú. Abúlé kan tó ń jẹ́ Dvirkivshchyna ni wọ́n bí i sí, ọmọ ọdún 9 ni nígbà tí ilé iṣẹ́ iná átọ́míìkì Chernobyl bú gbàmù ní 1986, tí wọ́n fi ní láti kó àwọn ọmọdé kúrò lágbègbè ọ̀hún. Ó lọ ṣe ìdánwò láti wọ ilé ìwé eré ìdárayá kan ní Kyiv, wọn ò gbà á, wọ́n ní kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé bọ́ọ̀lù kọjá lára èèyàn. Nígbà tó yá ni wọ́n lọ gbá bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé ní Wales, ó ṣe dáadáa débi pé Ian Rush fi bàtà bọ́ọ̀lù ta á lọ́rẹ. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sọ́wọ́ Valeriy Lobanovskyi, kóòṣì tí kì í gba gbẹ̀rẹ́, òun àti Rebrov níwájú. Ní November 1997 Dynamo lọ bá Barcelona ní Camp Nou, wọ́n nà wọ́n ní 4-0, mẹ́ta nínú ẹ̀ Sheva ló gbá a wọlé, wọn ò sì tíì lọ fún ìsinmi ìdajì eré tó fi gbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọmọ ọdún 21! Jẹsí Dynamo yẹn fúyẹ́ ju ti Milan lọ, 12,000 ni, ẹ̀gbọ́n ní àwọn ọmọ Ìbàdàn kì í bi òun ní i, ó sì dùn mí, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ti Milan ni mo wò pẹ́ jù. Sáà àkọ́kọ́ tó dé Ítálì, góòlù 24 nínú líìgì, òun ló gbá jù nínú gbogbo wọn, láyé ìgbà tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn Ítálì ò gbà kéèyàn mí. Taribo West tiwa náà wà ní Milan fúngbà díẹ̀ ní 2000, ojú kan náà ni wọ́n jọ ń wọ aṣọ. Góòlù 175 ni Sheva gbá fún Milan lápapọ̀, Gunnar Nordahl nìkan ló jù ú lọ nínú gbogbo ẹni tó ti gba bọ́ọ̀lù níbẹ̀ rí. Wọ́n gba líìgì ní 2004, ọdún yẹn náà ló gba Ballon d'Or, àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù, ọmọ Ukraine kẹta tó gbà á lẹ́yìn Blokhin àti Belanov.

Àmọ́ 2003 ni tèmi. Fáínà Champions League ní Old Trafford, Milan àti Juventus, 0-0, ó di pẹ́náritì. Dida, gólì Milan, ti mú mẹ́ta, ó wá ku Sheva, tó bá ti wọlé ó parí. Ó gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó wo réfirì, ó wo Buffon, gólì Juventus, ó tún wo réfirì, ó tún wo Buffon, ariwo ti gba gbogbo pápá, kò fẹ́ gbá a kí fèrè tó dún, ojú ẹ̀ le koko bí ẹni tí ò ní gbàgbé nǹkan tó wá ṣe. Ó sáré, ó gbá a, Buffon lọ sápá ibòmíì. Lobanovskyi ti kú lọ́dún tó ṣáájú, kò rí i. Sheva gbé mẹ́dà yẹn lọ sí ibojì ẹ̀ ní Kyiv. Nǹkan tó jẹ́ kí n nífẹ̀ẹ́ ọkùnrin yẹn nìyẹn ju góòlù lọ, ẹni tó rántí ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́.

Wọ́n ní Milan funfun ti 2005 náà. Kí n sọ òótọ́, aṣọ ẹ̀ dáa ju èyí tí mo rà lọ, ó rọ̀, kọ́là ẹ̀ dúró dáadáa, àmọ́ ẹ̀gbọ́n ní àwọn tó ń ṣe Milan kì í fọwọ́ kàn án nítorí fáínà Champions League ọdún yẹn ní Istanbul. Wọ́n ti ń na Liverpool ní 3-0 kí ìdajì eré tó pé, ó di 3-3, Dudek, gólì Liverpool, mú ti Sheva lẹ́ẹ̀mejì léraléra lẹ́bàá góòlù nígbà tí àfikún àsìkò fẹ́ parí, ó tún wá mú pẹ́náritì ẹ̀ tó gbẹ̀yìn. Mo mọ̀ pé ó ń dunni, èmi gan-an ò lè gbọ́ orúkọ Dudek kí inú mi dùn. Síbẹ̀ tó bá jẹ́ aṣọ lẹ̀ ń wá, funfun yẹn ni kẹ́ ẹ rà, wọ́n sì ń dín owó ẹ̀ kù torí kì í yá.

Ti Chelsea wà níbẹ̀ o, Samsung Mobile láyà, aláwọ̀ búlúù. Nǹkan bí ọgbọ̀n mílíọ̀nù pọ́ùn ni wọ́n fi rà á ní 2006, góòlù 9 péré ló gbá nínú líìgì wọn. Sáà kan náà ni Mikel Obi dé, ti Mikel ló sì ń yá ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, kò yani lẹ́nu. Ẹ jẹ́ ká kọjá níbẹ̀.

Yẹ́lò ti Ukraine ló kàn. Ó gbá góòlù 48 fún wọn nínú eré 111, òun ni kápútẹ́ẹ̀nì tó kó wọn lọ sí Wọ́ọ̀dù Kọ́ọ̀pù wọn àkọ́kọ́ ní Jámánì 2006, wọ́n dé kúọ́tà kí Ítálì tó nà wọ́n. Èyí tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ni ti 2012, ìgbà tí Ukraine àti Poland jọ gba àlejò Euro, ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, tí gbogbo èèyàn ti ní ó ti darúgbó. Ọmọ ọdún 35. Ibrahimović ló kọ́kọ́ gbá góòlù fún Sweden, Sheva fi orí kan méjì wọlé ní Kyiv, 2-1, gbogbo pápá ń pariwo. Ọmọ tó ń bá wọn tẹ orúkọ ti fẹ́ fi C sí ibi tó yẹ kí K wà, mo rí i kó tó gbé áyọ́ọ̀nù lé e, ó sì tún un ṣe kíákíá láì bínú. Ẹ̀yin náà ẹ dúró tì í tó bá ń tẹ̀ ẹ́, ẹ má lọ jókòó síta.

Ẹjọ́ tí mo ní pẹ̀lú wọn ni pé ibẹ̀ ni jẹsí Sheva parí sí. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ti ìgbà tó ń ṣe kóòṣì ńkọ́?" Ó ní, "Àbúrò mi, ta ló ń ra ti kóòṣì? Kóòṣì ò wọ nọ́ńbà." Mi ò lè bá a jà, ọjà ló ń sọ, àmọ́ mi ò gbà, mo sì fẹ́ sọ ìdí ẹ̀ níbí torí mo rò pé ìdajì ayé ọkùnrin yẹn ni wọ́n ń jù nù.

Euro 2016, Ukraine gbá eré mẹ́ta, wọ́n pàdánù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọn ò gbá góòlù kankan. Igbákejì kóòṣì ni Sheva nígbà yẹn, oṣù July ọdún yẹn ni wọ́n gbé gbogbo ẹ̀ lé e lórí, kò tíì ṣe ọ̀gá kóòṣì níbì kankan rí. Ó pe Tassotti tí wọ́n jọ wà ní Milan kó wá ràn án lọ́wọ́. Ìgbìyànjú àkọ́kọ́ ò yọrí, Croatia nà wọ́n ní Kyiv ní 2017, wọn ò lọ sí Wọ́ọ̀dù Kọ́ọ̀pù. Àwọn tó gbé e síbẹ̀ ní sùúrù, wọn ò lé e, ohun tí àwọn tiwa kì í lè ṣe. Ẹ wá wo nǹkan tó ṣe nígbà tí wọ́n ń wá Euro 2020: Portugal wà ní gúrúùpù wọn, Serbia wà níbẹ̀, eré 8, wọ́n borí 6, wọ́n ta ọ̀mì 2, kò sẹ́ni tó nà wọ́n. Wọ́n gbá Serbia ní 5-0. Wọ́n na Portugal ní 2-1 ní Kyiv ní October 2019, ọjọ́ tí Ronaldo gbá góòlù ẹ̀ tó pé 700 náà ni. Ọdún tó tẹ̀ lé e wọ́n na Sípéènì ní 1-0.

Àwa gan-an jẹ́rìí ẹ̀. September 2019, Super Eagles lọ bá wọn ní Dnipro, Aribo gbá tiẹ̀ wọlé bí eré ṣe bẹ̀rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tó wọ aṣọ Nàìjíríà, ọmọ Yorùbá, Osimhen fi pẹ́náritì ṣe ìkejì, inú wa ń dùn pé a ti na tíìmù tí Portugal ò lè nà. Ìdajì kejì ńkọ́? Zinchenko gbá kan wọlé, kí a tó mí, Yarmolenko ti gbá ìkejì, láàárín bí ìṣẹ́jú méjì, 2-2. Ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó ń darí ẹ̀ ni ẹni tí jẹsí ẹ̀ kún ṣọ́ọ̀bù l'Ádamásìngbà.

Nígbà tí wọ́n wá gbá Euro 2020 ọ̀hún ní 2021, torí Kòrónà ló sún un síwájú, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ má jáde kúrò ní gúrúùpù, àmọ́ wọ́n bá Sweden pàdé ní Glasgow, Dovbyk fi orí kan ìkejì wọlé nígbà tí àfikún àsìkò ti pé tán, 2-1, ìgbà àkọ́kọ́ tí Ukraine máa dé kúọ́tà ní Euro. Íńgílándì nà wọ́n ní 4-0 ní Rome, ó parí. Jẹsí tí wọ́n wọ̀ nígbà yẹn gan-an ni mo ń wá, yẹ́lò tí ilé iṣẹ́ Joma rán, tí wọ́n ya àwòrán ilẹ̀ wọn sí láyà, Crimea tí Rọ́ṣíà ti gbà lọ́wọ́ wọn wà nínú ẹ̀, ìyẹn tí Rọ́ṣíà bínú sí, tí UEFA sì ní kí wọ́n yọ ọ̀rọ̀ kan tó wà nínú kọ́là. Ogun ńlá dé lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Téèyàn bá ń ta ìtàn, kí ló tún kù tó ju aṣọ yẹn lọ?

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ kóòṣì tó ṣe ní Genoa, ní Ítálì, ò dáa. Ó débẹ̀ ní November 2021, wọ́n ti lé e ní January, kò borí eré líìgì kankan. Àmọ́ tíìmù yẹn kò lágbára kó tó débẹ̀, òun kọ́ ló bà á jẹ́, wọ́n sì já kúrò ní Serie A, líìgì àgbà Ítálì, lẹ́yìn tó ti lọ. Láti January 2024 òun ni ààrẹ àjọ bọ́ọ̀lù Ukraine, Rebrov tí wọ́n jọ ń gbá a níwájú nígbà Dynamo sì di kóòṣì tíìmù wọn ní 2023. Àwa náà ṣáà ní Keshi, kápútẹ́ẹ̀nì 1994, kóòṣì 2013, ìyìn kan náà la fún un fún méjèèjì, ẹnikẹ́ni ò lè dá ọ̀kan mú kó fi ìkejì sílẹ̀.

Mo sọ gbogbo eléyìí fún ẹ̀gbọ́n, ó gbọ́ mi dópin, ó ní tí èèyàn bíi mélòó kan bá béèrè òun máa bá wọn wá ti 2021 yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi béèrè tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ kàn sọ pé ẹ fẹ́ yẹ́lò Ukraine tó ní máàpù láyà.

Ibi tí wọ́n gbọ́dọ̀ tún ṣe: kò sí ibi téèyàn ti lè gbé aṣọ wọ̀ wò, ẹ wọ síńgílẹ́ẹ̀tì sábẹ́ nígbà tẹ́ ẹ bá ń lọ. Sáìsì wọn kéré díẹ̀, èmi tí mo máa ń wọ L, XL ló bá mi mu, XXL ò sì pọ̀ lọ́wọ́ wọn, ẹni tó bá sanra kó tètè lọ. Lọ́jọ́ Jímọ̀ wọ́n máa ń tì í láti bí aago kan lọ títí wọ́n á fi kírun tán. Wọ́n ń gba tíránsífà àti POS, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì apá ibẹ̀ kì í dúró lọ́sàn-án, ẹ mú káàṣì dání.