Ìrìn-àjò afẹ́ láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí Abidjan: ṣé ọkàn lè balẹ̀?

Ilé iṣẹ́ arìnrìn-àjò kan wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, tí n kò ní dárúkọ nítorí pé mo ní ẹ̀sùn díẹ̀ sí wọn, tó máa ń kó ènìyàn lọ wo orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire. Bọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń gbé wa lọ. Abidjan, Grand-Bassam àti Yamoussoukro sì ni a dé. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní òbí tàbí ẹ̀gbọ́n tó ti ṣòwò níbẹ̀ rí, nítorí náà kì í ṣe ẹwà ìlú náà ni àwọn ará ilé ń béèrè nígbà tí a fẹ́ gbéra, bí kò ṣe bóyá ogun ti tán níbẹ̀. Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ fi wo iṣẹ́ àwọn tó kó wa lọ.

Ogun jà níbẹ̀ lóòótọ́. Lẹ́yìn tí Ààrẹ Houphouët-Boigny kú ní oṣù Kejìlá ọdún 1993, àríyànjiyàn lórí ẹni tó jẹ́ ọmọ onílẹ̀ gidi àti ẹni tó jẹ́ àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná láàárín àwọn olóṣèlú. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún 1999, àwọn ṣọ́jà gbàjọba. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, àwọn ọlọ̀tẹ̀ gba ìhà àríwá, wọ́n fi Bouaké ṣe ibùjókòó, orílẹ̀-èdè náà sì pín sí méjì títí wọ́n fi fọwọ́ sí àdéhùn ní ọdún 2007. Èyí tó burú jù lọ ni ti ìdìbò oṣù Kọkànlá ọdún 2010: wọ́n kéde pé Alassane Ouattara ló wọlé, Laurent Gbagbo kọ̀ láti gbéjọba sílẹ̀, ó sì tó nǹkan bí 3,000 ènìyàn tó bá rògbòdìyàn náà lọ kí wọ́n tó mú Gbagbo ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 2011. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn yìí tó ní òun kò lọ mọ́, kò sẹ́ni tó lè bá a wí.

Ṣùgbọ́n ojú wo ni àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ yóò fi sá fún ìlú kan kìkì nítorí pé òṣèlú ti tàjẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ rí? Ọmọ ìlú wa ni Olóyè Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, Pírẹ́míà Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ìdìbò ọdún 1965 lábẹ́ ìjọba rẹ̀ ló dá Wẹ́tìẹ̀ sílẹ̀, tí wọ́n ń dáná sun ilé àti ènìyàn kiri ilẹ̀ Yorùbá, àwọn ṣọ́jà sì pa Olóyè fúnra rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 15 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1966. Lónìí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ti ìpínlẹ̀ oríṣiríṣi wá sí yunifásítì tí a fi orúkọ rẹ̀ pè, kò sì sí òbí tó ń béèrè Wẹ́tìẹ̀ kó tó san owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí ọkọ̀ àjàgbé ti pa ènìyàn lọ bẹẹrẹ, ni wọ́n ń béèrè, ó sì tọ́ kí wọ́n béèrè rẹ̀. Kí arìnrìn-àjò wò ó bóyá ìjà tó fa ìtàjẹ̀sílẹ̀ ti tán nílẹ̀. Bí kò bá sì tíì tán, kí ó mọ ìgbà tó máa ń rú.

Ní Côte d'Ivoire, àkókò ìdìbò ni. Nígbà tí Ouattara díje fún ìgbà kẹta ní ọdún 2020, ó ju 80 ènìyàn tó kú. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, wọn kò jẹ́ kí Gbagbo àti Tidjane Thiam, olórí ẹgbẹ́ alátakò kan, fara hàn lórí ìwé ìdìbò, Ouattara sì wọlé fún ìgbà kẹrin. Níhìn-ín ni mo ti gbóríyìn fún ilé iṣẹ́ yìí. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni wọ́n ti dá ìrìn-àjò dúró, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn oníbàárà kan ti kówó sílẹ̀ tí wọ́n sì ń binú. Wọ́n dá owó àwọn tí kò lè dúró padà, ìgbà tí gbogbo rẹ̀ sì rọlẹ̀ ni wọ́n tó kó wa lọ. Oníṣòwò tó bá lè jẹ́ kí irú owó bẹ́ẹ̀ kọjá lọ nítorí ẹ̀mí ènìyàn, ó mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Wọn kò wakọ̀ lóru, èyí náà dára. Ọ̀rọ̀ ẹnubodè ló bà wọ́n jẹ́. Sẹ̀mẹ̀, Hillacondji, Aflao àti Elubo ni ọkọ̀ ń gbà, àdéhùn ECOWAS sì fún wa láyè láti wà ní orílẹ̀-èdè ara wa fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Síbẹ̀, ní ọ̀kan nínú àwọn ẹnubodè náà, wọ́n sọ̀ wá kalẹ̀, wọ́n ní kí ẹni tí kò ní káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú san owó. Nígbà tó yá, àwa tí a ní káàdì náà san. Ẹni tó ṣáájú wa, tó ti fi dá wa lójú ní Ògbómọ̀ṣọ́ pé owó tí a san ti kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, jókòó sínú ọkọ̀, ó ń tẹ fóònù.

Grand-Bassam ni mo fẹ́ràn jù. Olú-ìlú àwọn Faransé ni láti ọdún 1893 títí di ìgbà tí ibà pọ́njú lé wọn kúrò ní òpin ọ̀rúndún náà, UNESCO sì fi àwọn ilé àtijọ́ ibẹ̀ kún ohun àjogúnbá àgbáyé ní ọdún 2012. Etíkun wà níbẹ̀, a sì jẹ attiéké, oúnjẹ tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe, pẹ̀lú ẹja díndín, àlùbọ́sà àti tòmátì tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá fi ẹ̀bà dàgbà kò ní ṣàìfẹ́ràn rẹ̀. Etíkun yìí kan náà ni àwọn agbébọn al-Qaeda ti yìnbọn pa ènìyàn 19 ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2016. Amọ̀nà wa kò mẹ́nu bà á. Ṣọ́jà méjì tó gbé ìbọn kọ́ èjìká ń rìn létí omi, wọ́n ń yẹra fún bọ́ọ̀lù tí àwọn ọmọdé ń gbá, bàbá kan nínú wa sì béèrè ohun tí wọ́n ń ṣọ́.

“Bàbá, ẹ jẹ́ ká gbádùn ara wa,” ni amọ̀nà fi dá wọn lóhùn.

Ìdáhùn yẹn kò tó. Ìkọlù náà kò bá ìjà Ouattara àti Gbagbo tan. Irú ẹgbẹ́ tó ń dààmú Mali àti Burkina Faso ló wà nídìí rẹ̀, irú wọn náà ló sì pa àwọn ṣọ́jà ní Kafolo, lẹ́bàá ẹnubodè Burkina, ní oṣù Kẹfà ọdún 2020. Ẹni tó bá mọ ìyàtọ̀ yìí yóò mọ̀ pé ìhà àríwá pátápátá, lẹ́bàá ẹnubodè, ni kí òun yẹra fún. Ẹni tí wọ́n kàn sọ fún pé ogun ti parí kò ní mọ ibi tí yóò yà sí.

Àìmọ̀ yìí náà ló jẹ́ kí wọ́n yọ Bouaké kúrò nínú ìrìn-àjò. “Ìlú ọlọ̀tẹ̀ ni,” ni wọ́n sọ fún mi ní ọ́fíìsì wọn. Bẹ́ẹ̀ Bouaké wà lára àwọn ìlú tó gba ìdíje bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Áfíríkà lálejò ní oṣù Kìn-ín-ní àti Kejì ọdún 2024 (mo mọ̀ pé ẹ kò tíì gbàgbé àṣekágbá rẹ̀ ní Abidjan, níbi tí wọ́n ti fi àmì ayò 2 sí 1 borí wa). Àwọn ìdílé kan níbí ṣì ní ẹbí ní Bouaké. Ìgbà wo ni wọ́n yóò rí wọn?

A kò pẹ́ ní Yamoussoukro. Ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì tó ga ní mítà 158 ni a wò, èyí tí Póòpù John Paul Kejì yà sí mímọ́ ní ọdún 1990, lẹ́yìn náà a wo àwọn ọ̀nì inú adágún ààfin ààrẹ. Ọ̀nì wọ̀nyí pa ọkùnrin tó ń bọ́ wọn ní ọdún 2012. Nípa tiwọn, amọ̀nà wa kìlọ̀ fún wa dáadáa.

Ní Abidjan, ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Adjamé, tí àwọn òbí rẹ̀ ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, ló fún wa ní ìmọ̀ràn tó wúlò jù. Ó ní kí a má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ Gbagbo tàbí Ouattara nínú takisí, kí a má ṣe yọ fóònù síta lẹ́yìn tí ilẹ̀ bá ti ṣú, kí a sì yẹra fún Abobo lóru nítorí àwọn ọ̀dọ́ aládàá tí wọ́n ń pè ní “microbes,” tí wọ́n gbilẹ̀ lẹ́yìn rògbòdìyàn ọdún 2011. Ohun tí ogun náà fi sílẹ̀ fún àlejò láti ṣọ́ra fún nìyẹn. Ọ́fíìsì ni ó yẹ kí wọ́n ti sọ ọ́ fún wa, kí a tó sanwó.

Nítorí náà, mo lè sọ fún ẹni tó bá fẹ́ lọ pé kó lọ, kí ó sì bá wọn lọ, níwọ̀n ìgbà tí kì í bá ṣe àkókò ìdìbò. Ti ààrẹ di ọdún 2030. Kí ó gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ṣáájú, kí ó sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀rí ìsanwó pé àwọn ni yóò dá aṣọ́bodè lóhùn. Bí ọ̀pọ̀ wa bá sì ń béèrè Bouaké lọ́wọ́ wọn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n fi kún un.